Bíréèkì Tó Ń Ké: Ohun Tó Yẹ Kí Á Mọ̀ Kí Á Tó Ra Pádì àti Dísìkì

Ní abala ọ̀rọ̀ ajé yìí, owó orí, owó ilé àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ la sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa owó kan tó ń jò lára wa tí a kì í kọ sínú ìwé: owó àtúnṣe ọkọ̀, pàápàá jù lọ owó bíréèkì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Peckham àti agbègbè rẹ̀ ló ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ òòjọ́. Àwọn kan ń wa minicab, àwọn kan ń gbé ẹrù kiri, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó sì ń fi ọkọ̀ lọ láti ilé kan sí èkejì. Ẹni tí kò fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ pàápàá ń fi gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé, ó sì ń fi lọ òde àríyá ní Manchester ní ọjọ́ Sátidé, tòun ti kúlà ìrẹsì lẹ́yìn ọkọ̀.

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Bíréèkì tó ń ké, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Ẹni tó bá tètè dá a lóhùn, owó pádì nìkan ni yóò san. Ẹni tó bá yí ohùn rédíò sókè kó má baà gbọ́ ọ, yóò san owó pádì, yóò san owó dísìkì, ẹ̀mí èèyàn sì lè bá a lọ. Nítorí náà, ohun méjì la fẹ́ kí ẹ mú kúrò nínú ẹ̀kọ́ yìí: kí ẹ mọ ìtumọ̀ ariwo tí ẹ bá gbọ́, kí ẹ sì mọ bí a ṣe ń ra pádì àti dísìkì láìjẹ́ pé owó tó wà lára páálí nìkan là ń wò.

KÍ LÓ Ń KÉ NÍBẸ̀?

Lẹ́yìn táyà kọ̀ọ̀kan, irin roboto pẹlẹbẹ kan wà tó ń bá táyà yí. Òun là ń pè ní dísìkì. Irin mìíràn tó dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní caliper, há dísìkì náà sáàárín. Inú ẹ̀mú yìí ni pádì méjì wà. Bí a bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì bíréèkì á ti pádì méjèèjì mọ́ dísìkì, wọn á fún un pọ̀, ọkọ̀ á sì dúró. Pádì la ṣe kó máa jẹ díẹ̀díẹ̀, kí dísìkì lè pẹ́. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké kan wà tó jẹ́ pé lánínì ni wọ́n ń lò lẹ́yìn, ṣùgbọ́n iwájú ọkọ̀ ló ń gbé iṣẹ́ tó pọ̀ jù, pádì àti dísìkì ló sì wà níbẹ̀.

Ariwo máa ń wáyé nígbà tí pádì àti dísìkì bá ń gbọ̀n mọ́ra wọn, bí ìgbà tí onígòjé bá ń fa ọrun lórí okùn. Kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1902, nígbà tí Frederick Lanchester gba ìwé àṣẹ fún dísìkì bíréèkì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàbà ló fi ṣe pádì, ariwo rẹ̀ kò sì ṣe é fara dà. Herbert Frood, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ Ferodo sílẹ̀, ló wá dá a lábàá pé kí wọ́n fi asbestos bo ojú pádì. Ariwo lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n eruku asbestos ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ìjọba UK sì fòfin de èyí tó kù nínú rẹ̀ ní 1999. Títí di òní, bí a ṣe máa rí pádì tó mú dáadáa, tó pẹ́, tí kò sì pariwo ni àwọn tó ń ṣe é ń wá kiri.

ARIWO MẸ́RIN, ÌTUMỌ̀ MẸ́RIN

1. Ó ń ké ní àárọ̀, ó sì dákẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti tẹ bíréèkì bí ìgbà mélòó kan. Òjò tàbí ìrì ló mú kí dísìkì dípẹtà díẹ̀ mọ́jú. Pádì á ha ìpẹtà náà kúrò. Èyí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

2. Ó ń ké fíì-ín bí ọkọ̀ bá ṣe ń lọ, nígbà mìíràn ẹsẹ̀ wa kò tilẹ̀ sí lórí bíréèkì. Ọ̀pọ̀ pádì ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára tí wọ́n dìídì fi síbẹ̀, kó lè máa fara kan dísìkì bí pádì bá ti ń tán lọ. Agogo ìkìlọ̀ ni. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ní wáyà dípò irin yìí, iná ló sì máa tàn níwájú awakọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

3. Ó ń ké ní gbogbo ìgbà tí a bá tẹ bíréèkì, bẹ́ẹ̀ pádì ṣì nípọn. Ó lè jẹ́ pé pádì náà le jù, tàbí ojú rẹ̀ ti dán bíi gíláàsì nítorí ooru. Ó lè jẹ́ pé ọ̀pá tí caliper ń rìn lórí rẹ̀ ti gbẹ tàbí ti há, tàbí pé wọn kò dá àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń gba gbígbọ̀n dúró padà sí ẹ̀yìn pádì nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Fífọ̀ ọ́ àti gírísì tó yẹ ní ibi tó yẹ lè yanjú rẹ̀, láìra pádì tuntun.

4. Ó ń lọ̀ gàrà-gàrà, bí ìgbà tí irin bá ń jẹ irin. Pádì ti tán pátápátá, irin ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń jẹ dísìkì. Ẹ má wa ọkọ̀ yẹn mọ́. Ẹ pe mẹkáníìkì wá bá a níbi tó wà.

Yàtọ̀ sí ariwo, bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n lọ́wọ́ wa nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, ojú dísìkì ti lè máà dọ́gba mọ́. Bí ọkọ̀ bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, caliper kan lè ti há. Bí ẹsẹ̀ bíréèkì bá ń rì wọlẹ̀, tàbí iná pupa bíréèkì tàn, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, nítorí ọ́ìlì lè máa jò.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń wa Toyota Prius àti àwọn ọkọ̀ hybrid yòókù, tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ minicab. Mọ́tò iná inú ọkọ̀ yìí ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ dídá ọkọ̀ dúró, tó sì ń dá agbára padà sínú bátìrì. Nítorí náà, pádì wọn máa ń pẹ́ ju ti ọkọ̀ epo lásán lọ. Ṣùgbọ́n àìlò náà ní ewu tirẹ̀: dísìkì ń dípẹtà, ọ̀pá caliper ń há, pàápàá lẹ́yìn. Ẹ má sọ pé pádì ṣì nípọn kí ẹ wá fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi gírísì sí ọ̀pá rẹ̀ ní àkókò tí ìwé ọkọ̀ bá sọ.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Nínú ìdánwò MOT, pádì tó bá ti jẹ dé ibi àmì ìkìlọ̀ rẹ̀ kò lè yege. Èyí tó bá ti dín sí mìlímítà 1.5, wọn á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó léwu, ọkọ̀ yẹn kò sì gbọ́dọ̀ rìn lójú títì títí a ó fi tún un ṣe. Ẹni tí wọ́n bá mú pẹ̀lú ọkọ̀ tó wà nípò ewu lè san owó ìtanràn tó tó £2,500, ó lè gba pọ́ìntì 3 sórí láísẹ́ǹsì, wọ́n sì lè gba ọkọ̀ wíwà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà kan. Fún ẹni tó ń fi láísẹ́ǹsì jẹun, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá owó pádì.

Ìwé òfin ojú pópó, ìyẹn Highway Code, sọ pé ọkọ̀ tó ń sá eré 20 mph nílò mítà 12 kó tó dúró, èyí tó ń sá 30 mph nílò mítà 23, èyí tó ń sá 70 mph nílò mítà 96. Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ dá ṣáṣá ni wọ́n fi ṣe ìṣirò yẹn, lórí títì tó gbẹ. Bí pádì bá ti tán, tí èèyàn márùn-ún àti ẹrù àríyá sì wà nínú ọkọ̀, mítà náà á lé sí i. Ní Old Kent Road tàbí Queen's Road, mítà mẹ́ta péré ló lè wà láàárín ọkọ̀ àti ọmọdé tó sáré sójú títì.

BÍ A ṢE Ń YAN PÁDÌ

Àmì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo owó. Ẹ yí ẹ̀yìn pádì sókè. Ẹ ó rí lẹ́tà E ńlá pẹ̀lú nọ́ńbà nínú àmì roboto, lẹ́yìn náà nọ́ńbà tó ní 90R nínú. E1 túmọ̀ sí pé Jámánì ló fọwọ́ sí i, E4 jẹ́ ti Netherlands, E11 jẹ́ ti UK. Nọ́ńbà náà kò sọ ibi tí wọ́n ti ṣe pádì náà. Orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i ló ń sọ. Òfin tó wà lẹ́yìn àmì yìí, Regulation 90, sọ pé agbára pádì àpààrọ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ti èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́. Dísìkì náà ti wọ inú òfin yìí fún irú ọkọ̀ tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí láti oṣù kọkànlá 2016. Pádì tí kò ní àmì yìí, bó ti wù kí páálí rẹ̀ rẹwà tó, gbàrọgùdù ni kí ẹ kà á sí.

Lẹ́yìn àmì, ẹ wo irú èyí tí ọkọ̀ yín nílò. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní organic: ó rọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo, ṣùgbọ́n ó máa ń yára jẹ. Èkejì ni èyí tí irin pọ̀ nínú rẹ̀: ó ń gba ooru dáadáa, ó dára fún ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù wúwo, ṣùgbọ́n ó máa ń ké jù, ó sì máa ń jẹ dísìkì. Ẹ̀kẹta ni ceramic: kì í pariwo púpọ̀, eruku rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lé. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa tó jẹ́ pé àárín ìlú la ti ń wakọ̀, irú èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ló dára jù. Kò sí ìdí tí a fi ní láti ra pádì ọkọ̀ ìdíje fún ọkọ̀ tí a fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé.

Ẹ rántí pé tọ̀tún-tòsì la máa ń pààrọ̀ pádì. Bí a bá pààrọ̀ ti ọ̀tún iwájú, a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ti òsì iwájú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ó pààrọ̀ ẹyọ kan kó lè dín owó kù fún yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ.

TI DÍSÌKÌ ŃKỌ́?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí a bá pààrọ̀ pádì la ní láti pààrọ̀ dísìkì. Wíwọ̀n ló ń sọ ọ́. Lára dísìkì tàbí nínú ìwé rẹ̀, ẹ ó rí MIN TH pẹ̀lú iye mìlímítà kan. Ìyẹn ni ibi tó lè tín-ín-rín dé. Bí dísìkì bá ti dé ibẹ̀ tàbí ó ti fẹ́ dé e, bó bá ti là, bí kòtò jíjìn bá wà lójú rẹ̀, ó ti parí. Bí kò bá tíì dé ibẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì mọ́, ẹ lè fi pádì tuntun lé e. Ṣùgbọ́n dísìkì tuntun kò gbọ́dọ̀ bá pádì àtijọ́ ṣiṣẹ́, nítorí pádì àtijọ́ ti jẹ bá ojú dísìkì àtijọ́ mu. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi ìwọ̀n hàn yín. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kò ní bínú.

ÌṢIRÒ RẸ̀ RÈÉ

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ṣe é. Iye wọ̀nyí kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù kan pàtó, ìṣirò la fi ń kọ́ ara wa. Ká ní pádì olówó pọ́ọ́kú jẹ́ £25, owó iṣẹ́ jẹ́ £70, pádì náà sì lo 12,500 máìlì. Ká ní pádì tó dára jẹ́ £55, owó iṣẹ́ jẹ́ £70 kan náà, òun sì lo 25,000 máìlì. Láàárín 50,000 máìlì:

Pádì £25: ìgbà mẹ́rin, £95 lẹ́ẹ̀kan, àpapọ̀ £380.
Pádì £55: ìgbà méjì, £125 lẹ́ẹ̀kan, àpapọ̀ £250.

Ẹni tó rò pé òun jèrè £30 lórí káńtà ti pàdánù £130. Owó iṣẹ́ ló ń pa wá, nítorí kì í mọ̀ bóyá pádì dára tàbí kò dára. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ tún wo ẹni tó gbọ́ ìkìlọ̀ tó ní kó di oṣù tó ń bọ̀. Dípò £125, yóò ra pádì £55, dísìkì méjì £100, owó iṣẹ́ á di £110. Àpapọ̀ £265. Bó bá jẹ́ awakọ̀ minicab tó ń mú £120 wọlé lójúmọ́, tí ọkọ̀ sì dúró fún ọjọ́ méjì, £240 mìíràn ti lọ. £380 ni ìdúró oṣù kan ná an lórí ohun tí ì bá fi £125 ṣe.

KÍ Ẹ TÓ SANWÓ FÚN MẸKÁNÍÌKÌ

Àwọn mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ dunjú wà ní gúúsù Lọ́ndọ̀nù, lábẹ́ afárá rélùwéè àti ní ẹ̀yìn òpópónà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ èèyàn wa. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò ní kí á má béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ béèrè iye tí yóò jẹ́ lápapọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kó kó pádì àtijọ́ fún yín. Ẹ gba risíìtì tó kọ orúkọ ilé iṣẹ́ pádì, nọ́ńbà rẹ̀ àti iye máìlì tó wà lára ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Òfin Consumer Rights Act ti 2015 sọ pé ọjà tí a rà gbọ́dọ̀ dára tó bó ti yẹ, a sì lè dá a padà láàárín ọjọ́ 30 bó bá ní àbùkù. Iṣẹ́ tí a sì sanwó fún gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi ọgbọ́n àti ìfarabalẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í ronú sí. Bí ẹ bá ra pádì fúnra yín tí ẹ gbé e fún mẹkáníìkì, tí bíréèkì sì ń ké lẹ́yìn náà, mẹkáníìkì á ní pádì ni, ẹni tó ta pádì á ní mẹkáníìkì ni. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà ni pádì àti iṣẹ́ ti wá, ẹnì kan ṣoṣo lẹ ó bá sọ̀rọ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é: ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ má fẹ́ eruku bíréèkì sáfẹ́fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí caliper so rọ̀ lórí rọ́bà ọ́ìlì rẹ̀. Bó bá jẹ́ bọ́tìnnì ni handbrake ọkọ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń tú u. Lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán, ẹ tẹ bíréèkì lemọ́lemọ́ títí yóò fi le kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má da ọ́ìlì tàbí WD-40 sójú pádì nítorí ariwo. Ariwo á dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní dúró mọ́.

Pádì tuntun nílò ìfaramọ́ra. Fún bí 100 sí 200 máìlì àkọ́kọ́, ẹ rọra máa tẹ bíréèkì, ẹ má ṣe é lójijì àfi bí ewu bá dé. Ẹni tí kò bá ṣe èyí ló ń padà wá sọ pé pádì tuntun ń ké.

OWÓ ORÍ ÀTI OWÓ BÍRÉÈKÌ

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, tó sì ń fi ọkọ̀ ṣe é, ní ọ̀nà méjì láti ṣírò ìnáwó ọkọ̀. Ó lè lo iye orí máìlì tí HMRC ti fi lélẹ̀ láti oṣù kẹrin 2011: 45p fún máìlì kọ̀ọ̀kan títí dé 10,000 lọ́dún, 25p fún èyí tó bá lé. Ó sì lè kọ ohun tó ná gan-an. Ẹni tó bá yan ti máìlì kò lè tún kọ owó pádì sílẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí ó ti wà nínú 45p náà. Kò sì lè yí padà lórí ọkọ̀ yẹn. Ẹni tó bá yan ìnáwó gan-an, risíìtì ni ẹ̀rí rẹ̀, kó sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún ó kéré tán lẹ́yìn 31 January tó yẹ kó fi ìwé náà ránṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ tọ́jú arúgbó láti ilé dé ilé, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ọ̀gá yín bá ń san 20p lórí máìlì, 25p ló kù kó tó pé 45p. Ẹ lè gba owó orí tó wà lórí 25p yẹn padà lọ́wọ́ HMRC. Bí ẹ bá rin 4,000 máìlì láàárín àwọn aláìsàn lọ́dún, ìyẹn jẹ́ £1,000. Fún ẹni tó ń san owó orí ìdá 20, £200 ni yóò padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ìrìn láti ilé yín lọ sí ibi iṣẹ́ kan tó dúró lójú kan kò sí nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn lẹ lè béèrè fún. Ẹ wo iye tí HMRC kọ fún ọdún tí ẹ ń ṣírò, kí ẹ sì ní ìwé tí ẹ kọ máìlì yín sí. Owó bíréèkì tí à ń wá kiri, ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìjọba ló wà.

BÍ WỌ́N BÁ NÍ KÍ Ẹ RA PÁDÌ WÁ SÍLÉ

Bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bá pè láti ilé pé kí ẹ ra pádì bọ̀, ẹ má fi orúkọ ọkọ̀ nìkan rà á. Ọ̀pọ̀ Toyota tó wà ní Èkó, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó o wá, bíréèkì rẹ̀ sì lè yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà níbí. Ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà chassis ránṣẹ́, gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 rẹ̀, kí wọ́n sì ya àwòrán pádì àtijọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọjà Ladipo ní Mushin ni wọ́n ti fẹ́ rà á, ẹ ní kí wọ́n yí ẹ̀yìn pádì wò bí a ti ṣàlàyé lókè. Ẹ má sì fi pádì àlòkù ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bùn kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin ará, láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ jáde lọ tẹ́tí sí ọkọ̀ yín ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí rédíò wà ní pípa, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Bó bá dákẹ́, ẹ dúpẹ́. Bó bá ń ké, ẹ ti mọ ohun tó ń sọ. Àlọ ire, àbọ̀ ire fún gbogbo wa o.